Àwọn Tó Wá Bá Wa: Ìtàn Ẹ̀yìn Ìlú Igbotako

 

Bí ènìyàn bá dárúkọ Igbotako lÉkòó, orúkọ tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rántí ni ti Jimoh Ibrahim, oníṣòwò tí a bí níbí ní 1967, tó di sẹ́nétọ̀ ní 2023. Kò burú. Ìlú wo ni kì í fi ọmọ rẹ̀ tó jáde yangàn? Ọ̀rọ̀ àwọn tó wọlé wá bá wa ni mo gbé wá lónìí. Bí ẹ bá kúrò ní títì, tí ẹ gba ọ̀nà oko, iṣẹ́ ọwọ́ wọn lẹ ó máa rí.

Ìtàn ọba la sábà máa ń sọ nílẹ̀ Ìkálẹ̀: Abodi ní Ìkòyà, Jẹ́gùn ní Ìdèpé, Rẹ́bùjà ní Òsóòrò tiwa níbí; ta ló ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ta ló gba Ìbíní kọjá. Kábíyèsí, ẹ dárí jì mí, n ó fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ àti àwọn tó wá kọ ẹyìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ẹ̀yà Urhobo ti ń wọ agbègbè Okitipupa tiwa. Ọ̀pẹ pọ̀ nínú igbó Ìkálẹ̀, àwọn náà sì mọ igbà á fi gun ọ̀pẹ. Ẹbí onílẹ̀ a fi ibi tí wọn yóò ti máa kọ ẹyìn hàn wọ́n, àwọn a san owó ilẹ̀, wọn a pàgọ́ sínú igbó. Bí wọ́n bá se ẹyìn tán, inú ọpọ́n igi gbọọrọ tó rí bí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á gbọn ìhá kúrò, epo á léfòó, wọ́n á bù ú sórí iná títí omi yóò fi gbẹ. Odò Olúwa ló ń gbé epo àti ekùrọ́ lọ sí ọ̀sà, títí dé Èkó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ nípa wọn ní 1979. Ó ní àwọn àtìpó yìí wà lára ohun tó ta ìdàgbàsókè jí ní ìgbèríko wa. Urhobo lòun náà, ẹnìkan lè ní ará ilé rẹ̀ ló ń gbè. Ó dáa, kí àwa onílẹ̀ náà kọ tiwa.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ló wá bá wa. Ẹ wo pupuru, oúnjẹ tí a fi ń yangàn. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún un nínú àpò, a ó ṣù ú, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Ẹni tó fẹ́ rò ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ ha dúdú náà kúrò kí funfun inú rẹ̀ tó yọjú. Pupuru àti ọbẹ̀ marúgbó, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe tiwa? Síbẹ̀ àlejò ni ẹ̀gẹ́: gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá.

Ìkànìyàn 2006 ka 233,565 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Okitipupa, kò sì béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ béèrè, torí igbó ọ̀pẹ ti ń di pulọ́ọ̀tì, orúkọ àgọ́ sì ń bá a lọ.

Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ mú ìwé àdéhùn ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ àpótí jáde, kí a yà á ní fọ́tò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ sí àwọn àgbà Urhobo tó kù ní àgọ́, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èdè Urhobo ló dùn mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sọ ọ́. A ó wá ògbufọ̀.