Nígbà Tí Ọkàn Bá Dúró: Ohun Tí A Lè Ṣe Kí Dókítà Tó Dé

(Ọ̀rọ̀ ìlera tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn ní Fante New Town, Kumasi)

  

Bí ẹnì kan bá kú láàárín wa, ẹgbẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe. A ń dá owó, a ń ránṣẹ́ sílé, a ń dúró ti opó àti ọmọ aláìníbaba. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ṣáájú gbogbo ìyẹn, nígbà tí ènìyàn ṣubú, tí ó ṣì ṣeé ṣe kí a rí i gbà padà.

Ọkàn ènìyàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Iná kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń darí bí ó ṣe ń lù, láti ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ètò iná yìí bá dàrú, ọkàn lè sáré jù tàbí kí ó lọ́ra jù. Ó tilẹ̀ lè máa gbọ̀n jìnnìjìnnì lásán, láìti ẹ̀jẹ̀ kankan síwájú. Nígbà náà ni ẹni náà máa ń ṣubú lójijì. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí yàtọ̀ sí èyí: ó lè ṣì máa sọ̀rọ̀, kí ó di àyà mú, kí òógùn máa bò ó. Ẹ sáré gbé ìyẹn lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ọkàn rẹ̀ lè dúró nígbàkígbà.

Kì í ṣe àgbà nìkan ni ó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí Samuel Okwaraji, tó ṣubú ní pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Kò dìde mọ́. Raphael Dwamena, ọmọ Gánà tí a bí ní Nkawkaw, ṣubú lórí pápá ní orílẹ̀-èdè Albania ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó sì kú ní ẹni ọdún 28. Láti 2017 ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò lù déédéé. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkàn sí i lára, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ ní 2022.

Ẹ wá gbọ́ ti Fabrice Muamba, tí a bí ní Kinshasa. Ó ṣubú lórí pápá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2012. Ìṣẹ́jú 78 ni ọkàn rẹ̀ kò fi lù fúnra rẹ̀. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, wọ́n sì fi ẹ̀rọ iná ta ọkàn rẹ̀ jí ní ìgbà 15. Ó yè.

Ẹ̀rọ iná yẹn kò sí ní ilé wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ wà. Láti 1960 ni Kouwenhoven àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore, Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé bí a bá fi ọwọ́ lásán tẹ àyà, ẹ̀jẹ̀ yóò ṣì máa dé ọpọlọ.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

Èkíní: ẹ gbọn èjìká rẹ̀, kí ẹ pè é sókè. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó má jù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mí, tàbí tó kàn ń mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń hanrun, ọkàn ti dúró nìyẹn. Ara rẹ̀ lè gbọ̀n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé wárápá ni kí ẹ sì máa wò ó.

Èkejì: kí ẹnì kan pe 112 tàbí 193 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún áńbúláǹsì, kí ẹlòmíràn lọ dúró ní títì láti júwe ilé.

Ẹ̀kẹta: ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà, kí ẹ gbé èkejì lé e, kí apá yín nà gbọọrọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kó má ju 6 lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó padà sípò kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà 100 sí 120 ni ní ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń rẹni, nítorí náà kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2. Fún ọmọdé tàbí ẹni tí omi gbé, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fẹ́ èémí sí ẹnu kí ó ṣe é pẹ̀lú. Bí iná ẹlẹ́ńtíríìkì ló gbé e, ẹ pa iná náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má ṣe da omi lé e lórí. Ẹ má ṣe fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, ẹ má ṣe ro epo sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má ṣe gbé e jókòó. Bákan náà, kì í ṣe àsìkò láti béèrè ẹni tó ṣe é. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé ìwòsàn Komfo Anokye kò jìnnà sí wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Kejetia. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ìrànlọ́wọ́, ìrètí ẹni náà ń dín kù ní ìdá 7 sí 10 nínú 100. Bí a bá kàn gbé e jù sínú takisí, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ àyà rẹ̀, ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ti lọ. Títẹ àyà kò dájú pé yóò jí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ló ń ra àkókò fún un.

Ẹni tó bá ń dákú nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń sáré, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lemọ́lemọ́, ẹni tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kú lójijì ní kékeré, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ẹ má fi oògùn sílẹ̀ nítorí pé ara yá.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ ya ọjọ́ ìpàdé kan sọ́tọ̀, kí a pe Red Cross Gánà wá kọ́ wa, kí ènìyàn méjì ó kéré tán mọ̀ ọ́n ṣe nínú agboolé kọ̀ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ tí a fi ń dá owó ìsìnkú, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ láti gba ẹ̀mí là pẹ̀lú.

Ọlọ́run kò ní fi ikú òjijì pa wá o.