Ẹyẹ Tí À Ń Sìn àti Ẹ̀dọ̀fóró Wa

Àrùn kan wà tí ó ń ti ara ẹyẹ wọ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Psittacosis ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ibà odídẹrẹ́ ni n ó máa pè é níhìn-ín.

Nígbà tí ọdún 1929 ń parí lọ, ọkùnrin kan ní ìlú Annapolis, ní Amẹ́ríkà, ra odídẹrẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ láti fi ṣe ọdún Kérésì. Ẹyẹ náà ṣàìsàn, ó kú. Kò pẹ́ tí ìyàwó náà fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọ wọn obìnrin àti ọkọ ọmọ náà sì wó lé e. Ara wọn gbóná, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń wú ikọ́ gbígbẹ. Ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà fún Charles Armstrong ní Hygienic Laboratory, yàrá ìwádìí ìlera tí ó wà ní Washington. Henry Anderson, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Shorty, ni ó ń bá a tọ́jú àwọn ẹyẹ aláìsàn nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé. Wọ́n ń lo oògùn apakòkòrò, wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́. Síbẹ̀, àrùn náà pa Anderson ní oṣù Kejì ọdún 1930. Armstrong náà kó o, orí ló yọ ọ́. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn yìí ni pé àìsàn mú àwọn òṣìṣẹ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ rárá. George McCoy, ọ̀gá wọn, kó gbogbo ènìyàn jáde, ó dá wọlé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn ẹyẹ náà, ó sì fi èéfín olóró kún inú ilé láti òkè dé ilẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni Ààrẹ Hoover ti fòfin de kíkó odídẹrẹ́ wọ Amẹ́ríkà.

Báwo ni àrùn náà ṣe dé ara ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹyẹ? Eruku ni. Inú ìgbẹ́ ẹyẹ àti ikun imú rẹ̀ ni Chlamydia psittaci, kòkòrò tí ó ń fa àrùn náà, máa ń wà. Bí ìgbẹ́ bá gbẹ, tí a fi ìgbálẹ̀ gbá a, ó di lẹ́búlẹ́bú, a sì fà á símú. Ẹyẹ tí ó ń jẹun, tí ó ń ké dáadáa, lè ní in lára. Bí a bá há a mọ́ àgò tóóró tàbí tí a gbé e rìnrìn-àjò, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí tú u síta. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́rìnlá ni àìsàn sábà máa ń hàn. Ẹran tí ó jinná dénú kì í kó o ràn wá, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn kó o ran ènìyàn.

Àwa Yorùbá mọyì odídẹrẹ́. Ẹ kò lè dárúkọ ìlú Ìwó kí ẹ gbàgbé rẹ̀, iyì ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀, kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó ń ní ibà odídẹrẹ́. Tòlótòló ń ní in, pẹ́pẹ́yẹ ń ní in, ẹyẹlé pàápàá ń ní in. Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe nílé: ara ẹnìkan gbóná, a ní ibà ni tàbí táífọ́ọ̀dù, a ra oògùn ní kẹ́míìsì, ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Amoxicillin tí a máa ń sáré gbé mì kò ran àrùn yìí dáadáa. Doxycycline ni oògùn rẹ̀, kò sì ṣòroó rí. Bí a bá tètè lò ó bí dókítà ṣe wí, àrùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn mọ́. Nítorí náà, àìmọ̀ pé ẹyẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ ni èmi kà sí ewu tó kù.

Mo bẹ ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì: bí òtútù àyà bá gbé aláìsàn dé, ẹ bi í bóyá ó ń sin ẹyẹ tàbí ó ń tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń sìn ín, ẹ má dúró de ìbéèrè, ẹ tètè sọ. Ẹ wọ́n omi sí ìgbẹ́ kí ẹ tó gbá a, ẹ sì fi ìbomú bo imú.