Ọjọ́ Méje Ìyàwó Tuntun: Ìsinmi Ni, Kì í Ṣe Gbèsè

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Imaamu bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní àdúgbò Challenge, Ìlọrin)



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa ní takọtabo, tí ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín tọkọtaya. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Isilaamu, ìbéèrè kan ni ó fa ọ̀rọ̀ òní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yìgì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ó ní àfẹ́sọ́nà òun fẹ́ kí àwọn lọ sinmi ní erékùṣù Zanzibar lẹ́yìn ìgbéyàwó. Bàbá òun ní àṣà àwọn kèfèrí ni. Àwọn ọ̀rẹ́ òun sì ti júwe ẹni tí yóò yá òun lówó èlé. Ó ní, "Alfa, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ní ọdún 7 lẹ́yìn Hijira (628), nígbà tí Ànábì ń bọ̀ láti Khaybar, ó fẹ́ Ìyá wa Safiyyah. Kò kánjú wọ Mẹ́dínà. Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ lójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta. Àsè ìgbéyàwó náà kò ní búrẹ́dì, kò ní ẹran. Awọ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n da dàbínù, wàrà gbígbẹ àti òrí-àmọ́ sí orí rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì jẹ.

Anas, ọmọ Maliki, náà sọ fún wa pé súnà ni kí ọkùnrin tí ó ní ìyàwó nílé, tí ó wá fẹ́ wúńdíá, dúró tì í fún ọjọ́ méje. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ó ti mọ ilé ọkọ rí ni, ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí ìpín láàárín àwọn ìyàwó ni òfin yìí ṣe wáyé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ronú yóò rí ọgbọ́n inú rẹ̀: àlejò ni ìyàwó tuntun, ó nílò àsìkò kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Nígbà tí Ànábì fẹ́ Zaynab, ọmọ Jahsh, àwọn kan jẹun tán, wọ́n sì jókòó ti ọ̀rọ̀. Ànábì jáde, ó padà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ojú ń ti Ànábì láti lé wọn. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ nínú Suratul-Ahzaab, aaya 53, pé kí ẹni tí ó bá ti jẹun tán máa lọ.

Nítorí náà, kí bàbá wa ṣe sùúrù. Àwọn Lárúbáwá ń pe ìsinmi yìí ní oṣù oyin. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè é ní hònímúùn. Orúkọ kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ìsinmi tọkọtaya tuntun kò lòdì sí ẹ̀sìn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Zanzibar kì í ṣe èèwọ̀. Abẹ́ Tanzania ni ó wà, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ní owó rẹ̀, kí ó lọ. Kí ó má ṣe fi ìrun ṣòfò. Ní ìlànà Imaamu Maliki tí a ń tẹ̀lé nílùú yìí, bí ó bá ti pinnu láti lo odindi ọjọ́ mẹ́rin ní ojú kan, kò ní gé ìrun kúrú mọ́. Kí ìyàwó má ṣe bọ́ ìjáábù nítorí etí òkun. Kí fóònù má sì di fèrèsé tí gbogbo ayé ń gbà wo yàrá wọn, nítorí Ànábì kọ̀ fún wa láti máa tú àṣírí ibùsùn síta.

Ṣùgbọ́n kí á yá owó èlé lọ sinmi! Mo so yìgì fún ẹnì kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tó oṣù márùn-ún tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi wà níwájú mi. Olówó ti wá ka ọkọ mọ́ ilé, ìyàwó sì ti ta aṣọ tí ìyá rẹ̀ dì fún un. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi sinmi. Wọn kò tíì rí oorun sùn láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ribaa ni Ọlọ́hun gbógun tì; ta ni yóò fi ogun bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀?

Ìrìn-àjò tí ó jìnnà kọ́ ni ń mú inú ìyàwó dùn. Ànábì bá Ìyá wa Aisha sáré ìje lójú ìrìn-àjò. Ìyàwó gba iwájú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n tún sá a, ọkọ ni ó gba iwájú. Eléyìí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Òṣòòrò omi Òwú wà ní Ìfẹ́lódùn, ní Kwara wa níbí. Ẹ kàn kọ́kọ́ bèèrè bí ààbò ojú ọ̀nà ṣe rí. Bí kò bá ṣeé lọ, yàrá tí ó dákẹ́ náà tó.

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí, ẹ̀yin òbí. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe ní Ìlọrin: wòlímọ̀, yìgì, àsè, aṣọ ẹbí, àlejò lótùn-ún lósì. Nígbà tí ìyàwó bá fi wọlé ọkọ, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ó tún fi í síbi ìkòkò pé kí ó wá dáná fún àwọn tí ó wá kí i. Nígbà tí àwọn ọmọ bá sọ pé àwọn fẹ́ sá lọ sí erékùṣù, ṣé kì í ṣe àwa ni wọ́n ń sá fún? Ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ méje fún wọn. Ẹ gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà wọn, kí ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.

Ohun tí mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Alfa, bí a bá yọ olórin kúrò nínú àsè yìí, ṣé owó ìsinmi ọjọ́ méje kò ní jáde níbẹ̀?" Mo ní kí ó lọ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ ṣírò tiyín kí ọjọ́ tó pé. Kí Ọlọ́hun fi alubarika sí ìgbéyàwó yín, kí Ó fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ilé yín, kí Ó sì fi halaali rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú haraamu. Aamin.