Bí A Ṣe Lè Dá Ẹjọ́ Akọ́nimọ̀ọ́gbá
Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, "Ẹ lé e!" ni ariwo wa.

Ẹ rántí Clemens Westerhof. Ní oṣù kẹta ọdún 1990, Algeria na Nàìjíríà 5 sí 1 ní Algiers. Síbẹ̀, ọmọ wa dé àṣekágbá. 1 sí 0 péré ni Algeria fi borí. Ní 1994, Westerhof gba ife Áfíríkà fún wa.

Nọ́ọ̀sì kì í wọn ìgbóná ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó ní aláìsàn ò lè sàn mọ́. Ẹ béèrè: ṣé àṣìṣe àná ni wọ́n tún ń ṣe lónìí? Ṣé àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣì ń gbọ́ tirẹ̀? Bí kò bá sí àtúnṣe, kó máa lọ. Bí ó bá wà, ẹ ní sùúrù. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ bí a ṣe ń dájọ́ ènìyàn.