Tábìlì Tí Ẹ̀rọ Gíráamù Ń Jókòó Lé

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú lónìí kò ju ọ̀kan lọ: tábìlì tí kì í gbọ̀n ni ẹ̀rọ gíráamù ń fẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí ń tọ ojú ipa ara àwo orin Haruna Ishola, bí ọdẹ ti í tọ ipasẹ̀ ẹran nínú igbó kìjikìji, kò lè ya ohùn olórin sọ́tọ̀ kúrò lára mímì ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń sáré lé lórí; ohunkóhun tó bá ti mì ín, orin ló kà á sí. Nítorí náà, ẹ má gbé sípíkà sórí tábìlì kan náà: sípíkà a mi tábìlì, tábìlì a mi abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ a wá máa hu.

Ẹ wá tábìlì tó dúró gbọn-in. Ẹ gbé abọ́ omi lé e, kí ẹ wò bóyá ó tẹ́jú. Bí ilẹ̀ yàrá yín bá jẹ́ pákó, pẹpẹ tí a kàn mọ́ ògiri ló sàn jù.

Mo tún un wí, tábìlì tí kì í gbọ̀n: ẹ fọwọ́ ti tiyín wò lálẹ́ òní.