Mowe sí London: Wákàtí Mélòó?

(Orin ètò, kó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀)

Ẹ̀yin ará Mowe, Ibafo àti Ifọ̀! Ẹni tó ń wọ bàálù lọ sí London láti ọ̀dọ̀ wa, orí títì Èkó sí Ìbàdàn ni wàhálà rẹ̀ wà. Ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà kò jìnnà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló ń sọ ọ́ di ìrìn àjò. Ará Ifọ̀, ti Sango náà kò yá jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Èkó sí London tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Bàálù ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ pín in, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ lẹ óò rí. Kí ló wá dé tí tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ bíi mẹ́fà ààbọ̀? Bàálù á kọ́kọ́ rìn nílẹ̀, á gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì dẹ eré kó tó balẹ̀.

Àríwá tààrà ló ń kọjú sí, ó ń gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà lọ. Ìdí nìyẹn tí aago wa àti ti London kò fi jìnnà síra: nígbà ooru wọn, ọgbọọgba ni, nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú.

Ti New York yàtọ̀. Àlọ máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ òkè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn ń dá ẹni tó ń lọ dúró, ó sì ń ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ pàdé àlejò tó ń bọ̀ wá sí Èkó, aago Nàìjíríà ni wọ́n fi ń kọ àkókò ìbalẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tún ṣírò kankan kún un.