Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Lọ Ọjà Ọdún

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn. Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀bùn ọdún ni.

Kérésìmesì kì í yẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Dìsẹ́ńbà ni lọ́dọọdún. Iléyá ní tirẹ̀ a máa fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 yá ju ti èṣí lọ. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù Júùnù ni a ṣe é. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Júùnù ni. Nítorí náà, ọdún kì í bá wa lójijì. Àwa ni a kì í múra sílẹ̀ dè é.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Ní ọdún kan, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Dìsẹ́ńbà ni a tó gba ọ̀nà ọjà Ìkòtún lọ. Èrò pọ̀ bí eṣú. A fẹ́ ra aṣọ àti bàtà fún ọmọ mẹ́ta, a sì fẹ́ ra adìẹ fún ìyá wa. A kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí ojú rí ni ọwọ́ ń mú. Ẹni tó ń tajà rí i pé ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí àyè láti nájà. Iye tó bá pè ni à ń san. Nígbà tí a délé, bàtà ọmọ kan kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Adìẹ ìyá wa ńkọ́? A ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Aṣọ méjì sì wà níbẹ̀ tí a gbà láwìn. Ní oṣù Jánúárì, ilé ìwé wọlé, kò sí owó. Ọmọ wa jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú aṣọ tuntun. Ojú tì wá.

Ẹ̀yin ará, àwìn dùn ún gbà, sísan ló ṣòro. Ẹ rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ nígbà àtijọ́. Wọ́n á fi aṣọ sílẹ̀ láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde àfi bí ó bá san owó wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá.

Kí ni kí á wá ṣe?

Èkíní, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ kọ owó ilé ìwé oṣù Jánúárì sí òkè pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní ẹ̀bùn, ohun tí ẹ fẹ́ fún un, àti iye rẹ̀. Ẹ ró o pọ̀. Bí ó bá ju owó yín lọ, ilé ni kí ẹ ti dín in kù. Ẹ̀bùn kì í ṣe ìdíje. Abọ́ ìrẹsì kan tí a gbé fún aládùúgbò kò kéré.

Èkejì, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹ ṣẹ́ ẹ níbi tó bá ẹsẹ̀ mu, kí ẹ mú un dání lọ ra bàtà.

Ẹ̀kẹta, ẹ dá àjọ. Àwọn ará Èkó a máa sọ pé orí ẹnì kan pé bí orí alájọ Ṣómólú. Wọ́n ní ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láì kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Orí tiwa lè má pé tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ́ ìwé. Bí ẹ bá ń dá 200 náírà lójúmọ́, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó di 6,000. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan, ó ku 5,800. Ní oṣù mẹ́wàá, ó di 58,000. Ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀ ni kí ẹ fún lówó. Ẹ máa ka káàdì yín lójoojúmọ́ tó bá ti sàmì sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tètè rà, ẹ sì para pọ̀ rà. Àwọn Mùsùlùmí mọ èyí: ènìyàn méje lè para pọ̀ ra màlúù kan fún Iléyá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé mẹ́rin lè pín àpò ìrẹsì 50 kílò, kí ilé kọ̀ọ̀kan gba kílò 12 àti ààbọ̀. Ẹ ṣe é kí oṣù Nòfẹ́ńbà tó parí, kí èrò tó pọ̀ lọ́jà.

Ní ọdún tó tẹ̀lé ọdún ìtìjú wa yẹn, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀bùn kò pọ̀ bíi ti èṣí. Ṣùgbọ́n bàtà wọ ẹsẹ̀, ìyá wa jẹ adìẹ, kò sí ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn wa fún gbèsè. Ní ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé, ọmọ wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Àṣèyí ṣe àmọ́dún o.